“A Dúpẹ́” Tó Fẹ́ Jẹ Owó Ẹ̀gbọ́n Mi

Ẹnu ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn yìí, ẹ̀gbọ́n mi tó pọ̀n mí dàgbà, tó sì kọ́ mi ní ábídí kí n tó dé iwájú tíṣà kankan. N óo sọ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ bó ṣe sọ ọ́ fún mi. Tí a bá dé ìdajì, n óo máa fi ojú tèmi sọ ọ́ lọ, nítorí mo wà níbẹ̀. Ẹ fara balẹ̀. Kò gùn, àmọ́ kì í ṣe èyí tí à ń sáré sọ.

Àwọn ọdún tí nǹkan le ni. Àwọn ọdún tí epo bẹntiróòlù wọ́n, tí ìrẹsì wọ́n, tí èèyàn ń ka ẹran kí ó tó gbé ọbẹ̀ kaná, tó sì tún ń kà á nígbà tó bá sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ń gbé Oǹdó nígbà náà, nínú ilé tí òun àti ọkọ rẹ̀ jọ kọ́. Ọkọ ti di olóògbé. Àwọn ọmọ ti fọ́n káàkiri. Ó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ tíṣà, pẹ́ńṣàn sì ń wá nígbà tó bá wu pẹ́ńṣàn láti wá. Èmi ń gbé Àkúrẹ́, ní Ijapo Estate, pẹ̀lú ìyàwó mi. Gbogbo ìgbà tí mo bá lọ kí i, ọ̀rọ̀ kan náà ni mo máa ń gbé ka iwájú rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ kó wá sọ́dọ̀ wa. Yàrá kan ṣófo.”

“Kí n wá máa jókòó de àwo oúnjẹ lọ́wọ́ ìyàwó rẹ?”

“Ìyàwó mi ò lè ṣe yín níbi.”

“Mo mọ̀. Ó fẹ́ràn mi. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fẹ́ kí ọ̀rọ̀ mi sú u.”

Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ máa ń kú sí. Yóò dìde, yóò lọ da àgbàdo sílẹ̀ fún àwọn adìyẹ rẹ̀ lẹ́yìn ilé.

Adìyẹ ìbílẹ̀ ni wọ́n, àwọn tó ń rìn kiri ọgbà tó ń halẹ̀ mọ́ ajá. Ẹyin wọn pọ̀. Ọmọ wọn ni kò pọ̀, nítorí ìyá wọn kò ní sùúrù. Wọn a yé, wọn a jókòó lé e díẹ̀, ohun kan a pè wọ́n, wọn a dìde, wọn a lọ. Bẹ́ẹ̀ sì ni gbogbo àdúgbò ń wá òròmọdìyẹ rà, torí ẹran ọjà ti di nǹkan tí à ń fi ojú kí. Ẹ̀gbọ́n mi wò ó títí, ó ní tí òun bá rí ohun tí yóò máa bá àwọn aláìgbọràn yìí sàba, òun yóò máa ta ọmọ adìyẹ, òun ò sì ní bá ẹnikẹ́ni tọrọ oúnjẹ.

Ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n jọ ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì ló fi ẹ̀rọ ìsàba kan hàn án lórí fóònù. Àpótí funfun kan báyìí, ìdérí rẹ̀ mọ́ gaara bíi dígí, èèyàn lè dúró lókè kó máa wo ẹyin nínú. Iná a máa mú un gbóná, fáànù kékeré a máa fẹ́ ooru náà kárí. Àjọ ẹ̀gbọ́n mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn án lóṣù yẹn. Gbogbo rẹ̀ ló kó lé e. Ó pè mí lọ́jọ́ tó sanwó.

“Àbúrò mi, tí ẹ̀rọ yìí bá ṣiṣẹ́, má tún bá mi sọ̀rọ̀ Àkúrẹ́ mọ́ láyé.”

“Tí kò bá wá ṣiṣẹ́ ńkọ́?”

“N óo di ẹrù mi, n óo máa bọ̀ lọ́dọ̀ ìyàwó rẹ.”

Ẹ rántí ìyẹn. Òun ni gbogbo ìtàn yìí dúró lé.

Ọlọ́kadà ló gbé ọjà náà dé, ó dè é mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà rẹ̀ pẹ̀lú rọ́bà. Ẹ̀gbọ́n mi fún un ní omi mu, ó kí i kú ewu ọ̀nà, ó bi í léèrè ìyá rẹ̀ tí kò mọ̀ rí. Páálí kò ní àpá kankan lára. Ó ti ṣa ẹyin jọ sínú agbọ̀n láti bí ọjọ́ mélòó kan, ó fi aṣọ bò ó sí kọ̀rọ̀ pálọ̀. Ó gbá ilẹ̀ ibi tí ẹ̀rọ yóò jókòó sí. Lẹ́yìn náà ló wá mú ọ̀bẹ, ó ṣí páálí.

Ìdérí yẹn ti fọ́ yángá. Fáànù ti já kúrò ní àyè rẹ̀. Wáyà tó yẹ kó máa gbóná ti yọ síta, ó ń fì dirodiro. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun kò pariwo. Ó ní òun kàn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, òun ń mú àfọ́kù ike náà ní ẹyọ ẹyọ, òun ń tò ó pọ̀ bí ọmọdé tó fọ́ àwo ìyá rẹ̀.

Ibi tó jókòó sí náà ni fóònù rẹ̀ ti dún. Àwọn tó tajà ni.

“Ẹ káàsán mà.” Ohùn ọmọbìnrin ni, ó dùn bí oyin. “Ṣé ẹ ti rí ọjà yín gbà?”

“Ẹ káàsán o, ọmọ mi. Mo ti rí i gbà.”

“Ṣé kò sí wàhálà kankan mà?”

Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ ìbéèrè yẹn. Ta ni a bi bẹ́ẹ̀ ní Oǹdó, tàbí níbikíbi tí wọ́n ti kọ́ ọmọ ní ẹ̀kọ́ ilé, tí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í to wàhálà sílẹ̀ kí ó tó dáhùn? Ẹ̀gbọ́n mi dá a lóhùn bí ìyá wa ti kọ́ wa.

“Kò sí o, ọmọ mi. A dúpẹ́. Àwọn ará ilé rẹ ńkọ́?”

Ó fẹ́ kí i tán ná, kó tó wá sọ ti àfọ́kù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kó tó débẹ̀, ohùn oyin ti ní “ẹ ṣé mà,” fóònù ti kú.

Ó pè wọ́n padà. Orin ló ń gbọ́. Ó tún pè, orin. Ó ní kí ará ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ bá òun ya àwòrán ẹ̀rọ náà ránṣẹ́ sí wọn. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n fèsì: wọ́n bá Màmá kẹ́dùn, ṣùgbọ́n Màmá fúnra wọn ló fi ẹnu ara wọn sọ pé kò sí wàhálà. Ohun tó bá wá ṣe ẹ̀rọ náà, lẹ́yìn tó dé ilé Màmá ló ṣe é. Wọn ò ní lè dá owó padà.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe gbéra wá sí Àkúrẹ́ ní àárọ̀ Sátidé, páálí lórí itan rẹ̀ nínú ọkọ̀. Ìgbà tó jókòó sí pálọ̀ wa tó sọ gbogbo rẹ̀ báyìí, mo rẹ́rìn-ín. N kò lè ṣẹ́ ẹ. Ìyàwó mi náà yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, èjìká rẹ̀ ń mì.

“Ẹ máa rẹ́rìn-ín,” ni ẹ̀gbọ́n mi wí. “Yàrá tí ẹ ní ó ṣófo yẹn, ṣé fèrèsé rẹ̀ dojú kọ ọgbà?”

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu mi. Mo ti ń bẹ̀ ẹ́ láti ọjọ́ tó pẹ́ pé kó wá bá wa gbé, àmọ́ nígbà tó béèrè fèrèsé yẹn, tó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀, mo rí i pé n kò fẹ́ kó wá bẹ́ẹ̀. Tí ó bá wá nítorí ó wù ú, ìyẹn dára. Kó wá nítorí ó sọ pé “a dúpẹ́” fún ọmọ ọlọ́mọ, ìyẹn ń gún mi láyà.

“Ẹ jẹ́ ká lọ bá wọn ní ọ́fíìsì wọn,” ni mo wí. “Wọ́n ní ọ̀kan ní Àkúrẹ́ níbí.”

“Ọjọ́ Sátidé?”

“Wọ́n ń tajà lọ́jọ́ Sátidé, àbí wọn ò tà?”

Ọ́fíìsì kékeré ni, kántà kan, bẹ́ǹṣì kan, páálí títí dé àjà. Àwọn èèyàn ti wà lórí bẹ́ǹṣì. Obìnrin sísanra kan gbé búlẹ́ńdà lé itan bí ọmọ ọwọ́. Ọkùnrin tó wà lẹ́yìn kántà kò ṣe àfojúdi sí wa, mo gbọ́dọ̀ sọ ìyẹn. A gbé páálí wa lé kántà, a ro ẹjọ́ wa; ó wo inú kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó mi orí.

“Mà, a ní ohùn yín níbí.” Ó tẹ nǹkan kan. Ohùn ẹ̀gbọ́n mi jáde, ó gba gbogbo yàrá:

*Kò sí o, ọmọ mi. A dúpẹ́.*

Ó tún tẹ̀ ẹ́, ó pa á.

“Ohùn yín kọ́ nìyẹn?”

“Ohùn mi ni.”

“Yéè, Màmá!” ni obìnrin oníbúlẹ́ńdà kígbe. “Ẹ ti fi ẹnu ara yín ta ara yín!”

Gbogbo bẹ́ǹṣì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi dúró ṣánṣán bí ẹni tó wà níwájú kíláàsì.

“Ọmọ mi, ó kí mi ni. Mo sì dá a lóhùn.”

“Kì í ṣe ìkíni mà. Ìbéèrè ni.”

“Kí wá ni ìyàtọ̀ rẹ̀? Tí o bá wọlé bá mi tí o ní ‘ṣé àlàáfíà ni,’ ṣé ìgbà yẹn ni kí n ti sọ fún ọ pé orúnkún ń ro mí?”

“Mà, ohun tí wọ́n kọ síbí ni pé oníbàárà ní kò sí wàhálà. Kò sí ohun tí mo lè ṣe sí i.”

Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbóhùn sókè. Ẹ̀gbọ́n mi fi ọwọ́ kàn mí lápá, ìfọwọ́kàn kan náà tó máa ń fi dá mi dúró nígbà tí mo wà ní kékeré tí mo bá fẹ́ bá ọmọ àdúgbò jà.

Ariwo ẹ̀rín yẹn ló mú kí máníjà jáde láti yàrá inú. Kò tíì dàgbà púpọ̀. Ó fi ọ̀pá kan ti abẹ́ apá, wọ́n sì fi báńdéèjì funfun báláú di ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ láti ọmọ ìka dé orúnkún. Ẹ̀gbọ́n mi kò wo ẹsẹ̀. Ojú ọkùnrin náà ló wò, ó sì ṣe ohun tí yóò ṣe fún ẹnikẹ́ni tó bá jáde sí i láti inú yàrá. Ó kí i.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá.”

“Ẹ káàbọ̀, Mọ̀mí.”

“Ilé ńkọ́? Ìyàwó ńkọ́?”

“Wọ́n wà dáadáa, mà.”

“Àwọn ọmọ? Ṣé kò sí wàhálà?”

“Kò sí wàhálà kankan rárá, Mọ̀mí. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.”

Ìgbà yẹn gan-an ni ojú ẹ̀gbọ́n mi sọ̀kalẹ̀ sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó búra fún mi lẹ́yìn náà pé òun kò rò ó tẹ́lẹ̀, mo sì gbà á gbọ́, nítorí ojú rẹ̀ kò ní ẹ̀tàn. Ó wo ẹsẹ̀ náà. Ó wo ojú máníjà. Ó tún wo ẹsẹ̀.

“Èyí wá ńkọ́?”

Máníjà náà wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ bí ẹni pé ẹnìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e síbẹ̀.

“Háà. Ọ̀kadà ni, mà. Ọ̀nà Ìgbàrà-Òkè.”

“Ó kán?”

“Ó kán, mà.”

“Ó kán, ẹ ní kò sí wàhálà.”

Obìnrin oníbúlẹ́ńdà dìde dúró pẹ̀lú búlẹ́ńdà rẹ̀. “Ẹ gbà á sílẹ̀!” ló ń ké. “Ẹ gba ohùn ọ̀gá sílẹ̀ kíákíá! Ọ̀gá ní kò sí wàhálà! Ẹsẹ̀ yẹn, ẹ̀yin lẹ ṣẹ́ ẹ nígbà tí ẹ délé!”

Ẹ̀rín tó bẹ́ nínú ọ́fíìsì yẹn, àwọn tó ń kọjá lójú títì yà wò wá. Ẹni tó wà lẹ́yìn kántà gan-an doríkodò lé kọ̀ǹpútà. Ẹ̀gbọ́n mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

“Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi,” ló wí. “Ṣé ó ṣì ń dùn ọ́?”

Ṣé ẹ rí i, nígbà tó bi í bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ tú jáde lẹ́nu ọkùnrin náà. Ó gbàgbé èdè ọ́fíìsì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nílé, ó ń pe ilé ní ulé, ó ń pe iṣẹ́ ní uṣẹ́. Ó ní ó ń dun òun, ní òwúrọ̀ pàápàá. Ó ní láti Ìgbàrà-Òkè ni òun ti ń wọ ọkọ̀ wá lójoojúmọ́, kò sí ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ yìí bá mu nínú rẹ̀. Ó ní òun ò lè jókòó sílé torí uṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ń mi orí, ó ń ní “pẹ̀lẹ́,” ó ń ní “yóò san.”

Nígbà tó sọ tán, ẹ̀gbọ́n mi ní, “Wàyí o. Bí èmi náà ṣe fẹ́ sọ tèmi fún ọmọbìnrin yẹn lẹ́yìn ìkíni nìyẹn. Ó gé fóònù mọ́ mi lẹ́nu ni.”

Máníjà fi ọ̀pá rẹ̀ tọ kántà lọ. “Tún ohùn yẹn gbé jáde.”

Wọ́n tẹ̀ ẹ́. *Kò sí o, ọmọ mi. A dúpẹ́.* Ọkùnrin ẹ̀yìn kántà na ọwọ́ láti pa á bó ṣe pa á lẹ́ẹ̀kan.

“Fi í sílẹ̀. Jẹ́ kó parí.”

A gbọ́ ìyókù. Èmi náà kò tíì gbọ́ ọ rí. *Àwọn ará ilé rẹ ńkọ́?* Ohùn oyin ní àwọn wà, ẹ ṣé mà. Ohùn ẹ̀gbọ́n mi tún jáde, ó ń yára báyìí, bí ẹni tó ń sáré tẹ̀lé ọkọ̀ tó ti gbéra: *Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ yín yìí wá, ọmọ mi, ó ti...*

Ó gé.

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Obìnrin oníbúlẹ́ńdà rọra jókòó. Máníjà mú ọ̀kan nínú àwọn àfọ́kù ìdérí, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì.

“N óo fi ohùn yìí ránṣẹ́ sí wọn ní Èkó fúnra mi,” ló wí. “N óo ní kí wọ́n gbọ́ ọ dópin. Owó yín á padà, Mọ̀mí.”

“A dúpẹ́,” ni ẹ̀gbọ́n mi wí, ó sì yára fi ọwọ́ bo ẹnu. Ẹ̀rín wá mú òun náà.

Owó náà kò padà lọ́jọ́ yẹn. Kò padà ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Ẹ̀gbọ́n mi lọ sí Oǹdó, mo sì ń pè é, ó ń ní kí n má dààmú, ọkùnrin tó sọ ìrora ẹsẹ̀ rẹ̀ fún òun kò ní parọ́ fún òun. Nígbà tí oṣù ń lọ sópin, ó pè mí lọ́sàn-án gangan. Kò kí mi. Èmi náà mọ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀.

“Àláàtì ti wọlé!”

“Gbogbo rẹ̀?”

“Gbogbo rẹ̀. Má palẹ̀ yàrá mọ́.”

N kò ní fi adùn bo ohun tó kù mọ́lẹ̀. Kí owó tó padà, ẹ̀rọ náà ti gbówó lórí sí i, bí gbogbo nǹkan ṣe ń ṣe lọ́dún yẹn. Owó tó padà kò tó o rà mọ́. Ẹyin inú agbọ̀n sì ti parí iṣẹ́ rẹ̀ tipẹ́, a ti fi dòdò jẹ ẹ́ ní ilé mi àti ní ilé rẹ̀. Mo rò pé ọ̀rọ̀ Àkúrẹ́ yóò tún jí. Àmọ́ ẹ̀gbọ́n mi rí káfíńtà kan ní Oǹdó tó ń kan àpótí ìsàba onípákó, àtùpà ló ń mú tiẹ̀ gbóná, kò nílò iná mànàmáná tó ń wá tó ń lọ. Ẹ̀gbọ́n mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó jókòó ti àpótí náà, ó ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ó wò ó títí tó fi tẹ́ ẹ lọ́rùn kó tó sanwó.

Ó ṣì wà ní Oǹdó. Yàrá tó wà ní ilé mi, ìyàwó mi ti to ìwé sí i. Máníjà yẹn, ẹ̀gbọ́n mi ń pè é títí tó fi ju ọ̀pá rẹ̀ nù, ó sì ṣèlérí àkùkọ kan fún un tí yóò gbé wá tí àwọn òròmọdìyẹ bá dàgbà.

Ohun kan ló yí padà. Mo pè é ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàárọ̀. Ṣé dáadáa lẹ jí? Ṣé kò sí wàhálà?”

“Dúró ná,” ló wí. “Jẹ́ kí n rò ó.”

Mo dúró.

“Wàhálà wà. Orúnkún mi ń ro mí. Pẹ́ńṣàn kò tíì dé. Àwọn kan nínú ẹyin náà kò pa rárá. Àmọ́ má tíì gé fóònù o, mi ò tíì sọ tán.” Mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀, mo gbọ́ tí pákó kan ké nígbà tó ṣí i. Ó gbé fóònù sún mọ́ nǹkan. Mo gbọ́ wọn, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ohùn kékeré tó pọ̀ lórí ara wọn, tí gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó tì mí láti òwúrọ̀ yìí, nígbà tí mo bi yín pé ṣé àlàáfíà lẹ wà, tí gbogbo yín ní “a dúpẹ́,” kí lẹ fẹ́ sọ tẹ̀lé e kí n tó bẹ̀rẹ̀ ìtàn mọ́ yín lẹ́nu?